Bí A Ṣe Ń Ṣètò Balùwẹ̀ Gbalasa Tí Omi Kò Ní Í Jò Gba Abẹ́ Táìlì Rẹ̀

Balùwẹ̀ gbalasa ni èyí tí kò ní ọpọ́n ìwẹ̀, tí kò ní ibodè kankan tó pààlà sí ibi tí a ti ń wẹ̀, tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ọ̀nà ihò kan tí omi ń gbà jáde. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Àgbàlagbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kò ní gbé ẹsẹ̀ kọjá ohunkóhun kí ó tó wẹ̀, ẹni tó ń lo àga onítáyà lè wọlé tààrà, yàrá tó há sì máa ń ní ààyè nígbà tí a bá gbé ọpọ́n ńlá kúrò nínú rẹ̀. Bí a kò bá kọ́ ọ dáadáa, òun náà ni yóò kọ́kọ́ ba àjà ìsàlẹ̀ jẹ́, nítorí pé gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ni omi ń kàn lójoojúmọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé táìlì kọ́ ló ń dá omi dúró. Símẹ́ńtì tí a fi ń dí àlàfo àárín táìlì máa ń fa omi mu, díẹ̀díẹ̀ ni omi náà yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀. Awọ adènà-omi tó wà lábẹ́ táìlì ló ń ṣe iṣẹ́ náà, bí táìlì bá sì ti bò ó, kò sí ẹni tí yóò tún rí i mọ́. Nítorí náà, gbogbo ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí kí a má ṣe bo ohunkóhun tí a kò tíì dán wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ya yàrá náà sórí ìwé

Ẹ wọn gígùn àti ìbú yàrá náà, kí ẹ sì ya ilẹ̀kùn, fèrèsé, páìpù omi àti páìpù ìdọ̀tí sí ibi tí wọ́n wà gan-an. Ibi ìwẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sípò, kí ó sì jìnnà sí ilẹ̀kùn bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà lè máa gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àti àwo ìfọwọ́ sí ọ̀nà ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá fi àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sí abẹ́ ṣáwà gan-an, ìjókòó rẹ̀ àti pépà ìnùdí yóò máa tutù ní gbogbo ìgbà, ó sì máa ń sú àwọn ará ilé láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ibi ìwẹ̀ ní ó kéré tán 90 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti 90 ní gígùn. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ tún dára jù, nítorí omi máa ń ta jìnnà. Bí yàrá bá kéré, gíláàsì kan tó dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáwà á dá ìtasílẹ̀ náà dúró láìdí ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ń lo àga onítáyà, yóò nílò àyíká tó fẹ̀ tó 150 sẹ̀ǹtímítà láti yí i padà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn máa ṣí sí ìta. Bí ènìyàn bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ni yóò dí ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Àkókò yìí náà ni kí ẹ ronú nípa ọ̀pá ìdìmú fún àgbàlagbà. Kódà bí kò bá sí ẹni tó nílò rẹ̀ lónìí, ẹ fi igi líle tàbí pátákó tó nípọn sínú ògiri onípátákó ní àwọn ibi tí ọ̀pá náà yóò wà lọ́jọ́ iwájú, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ibẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni nísinsìnyí. Lẹ́yìn tí a bá ti lẹ táìlì tán, ó di fífọ́ ògiri.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe jìn tó, kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ihò omi àti páìpù abẹ́ rẹ̀ nílò ààyè nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ihò omi ni ara rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, kí a tó wá fi ìdàgẹ̀rẹ́ páìpù kún un. Lókè rẹ̀ ni ìtẹ́lẹ̀ símẹ́ńtì tó dà gẹ̀rẹ́ yóò wà, lẹ́yìn náà awọ adènà-omi, gọ́ọ̀mù àti táìlì. Ẹ ṣe àròpọ̀ gbogbo rẹ̀. Bí ilẹ̀ tó wà ní ilé kò bá ní ààyè yìí, tí ẹ sì gbé balùwẹ̀ ga ju yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, àtẹ̀gùn tí ẹ fẹ́ sá fún ti padà sí ẹnu ọ̀nà nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ onípátákó lórí òkè, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ páìpù gé àwọn igi tó gbé ilẹ̀ dúró láìjẹ́ pé ẹni tó mọ agbára ilé ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀ onípátákó kò gbọ́dọ̀ máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rárá, nítorí pé ilẹ̀ tó bá ń mì yóò sán táìlì, yóò sì ya awọ náà ní igun. Ẹ fi igi kéékèèké dí àárín àwọn igi ńlá, ẹ kan pátákó tó nípọn mọ́ wọn, kí ẹ tó fi pátákó símẹ́ńtì lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan ihò omi tí ó tó omi tó ń wọlé

Ìdánwò kan wà tí ó rọrùn púpọ̀. Ẹ fi korobá sí abẹ́ ṣáwà, kí ẹ ṣí i pátápátá fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá wọn omi inú rẹ̀. Ṣáwà tó wọ́pọ̀ máa ń tú bíi lítà 8 sí 12 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó fẹ̀ tó sì so mọ́ òkè lè ju lítà 15 lọ. Nọ́ńbà tí a kọ sára páálí ihò omi gbọ́dọ̀ ju èyí tí ẹ wọn lọ dáadáa, nítorí pé irun àti ọṣẹ yóò dín agbára rẹ̀ kù bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Páìpù tó fẹ̀ tó mìlímítà 50 ni kí ẹ lò fún un, kí ó sì máa dà gẹ̀rẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo nǹkan méjì mìíràn lára ihò omi náà kí ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́ ni omi ìdènà òórùn, ìyẹn omi tí ń dúró sí ibi tí páìpù ti tẹ̀, tí kì í jẹ́ kí òórùn kòtò padà wọlé. Jíjìn rẹ̀ yẹ kí ó tó mìlímítà 50, ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣeé yọ láti òkè kí a lè fọ̀ ọ́. Èkejì ni etí pẹlẹbẹ tó yí ẹnu ihò náà ká, níbi tí a ó lẹ awọ adènà-omi mọ́. Ihò omi tí kò ní etí yìí kì í ṣe ti balùwẹ̀ gbalasa, ẹ má rà á bí ó ti wù kí ó rẹwà tó.

Ihò omi olójú kan tó wà láàárín ilẹ̀ ń fẹ́ kí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ láti ìhà mẹ́rin, nítorí náà táìlì kéékèèké ló bá a mu, èyí tó lè tẹ̀ lé ìyípadà ilẹ̀. Ihò omi gbọọrọ tí a tẹ́ sí ẹ̀bá ògiri ń fẹ́ ìdàgẹ̀rẹ́ ìhà kan ṣoṣo, a sì lè lo táìlì ńlá pẹ̀lú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ti gbọọrọ ni kí ẹni tí kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí yàn, torí pé ìdàgẹ̀rẹ́ kan rọrùn láti tẹ́ ju mẹ́rin lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tẹ́ ìdàgẹ̀rẹ́ náà

Sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan ni ìdàgẹ̀rẹ́ tó yẹ ní ibi ìwẹ̀. Bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi yóò máa dúró lójú kan. Bí ó bá pọ̀ jù, àpótí ìjókòó kò ní dúró dáadáa, ẹsẹ̀ àgbàlagbà yóò sì máa yẹ̀. Bí ògiri tó jìnnà jù bá wà ní mítà 2 sí ihò omi, ilẹ̀ ìdí ògiri náà yóò ga ju ẹnu ihò lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gíga náà sára ògiri kí a tó po símẹ́ńtì, kí ẹni tó ń tẹ́ ilẹ̀ má baà máa fojú díwọ̀n.

Inú ìtẹ́lẹ̀ símẹ́ńtì ni ìdàgẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ ti wá. Àwọn kan máa ń tẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù táìlì gbé ìhà kan sókè. Omi tó bá sọ̀ gba àárín táìlì nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò dúró lórí awọ adènà-omi láìrí ibi gbà lọ, yóò sì máa rùn níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìtẹ́lẹ̀ bá ti le, ẹ da korobá omi kan sí ìdí ògiri tó jìnnà jù, kí ẹ wò ó títí yóò fi dé ihò. Ibi tí omi bá dúró sí, ẹ dí i kí ó dọ́gba kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Sùúrù ni ìgbésẹ̀ yìí ń béèrè. Ìtẹ́lẹ̀ símẹ́ńtì lásán máa ń gba bíi ọjọ́ kan kí mìlímítà 1 nínú nípọn rẹ̀ tó gbẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ dáadáa, nítorí náà èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4 lè gba 40 ọjọ́. Irú símẹ́ńtì tó ń yára gbẹ wà, ọjọ́ tí a kọ sára àpò rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45 ní ìhà méjèèjì mọ́ ilẹ̀ yíká-yíká, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí ìrì bá wà ní inú ọ̀rá náà, tàbí tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀rinrin ṣì ń jáde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ pèsè ògiri àti páìpù

Pátákó P.O.P. lásán kò yẹ níbi tí omi ń ta sí, nítorí pé ó máa ń rọ̀ bí omi bá kàn án. Ògiri tí a fi símẹ́ńtì àti yanrìn rẹ́, tàbí pátákó símẹ́ńtì, ni kí ẹ lò. Kí a tó bo páìpù èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ páìpù fi omi kún un kí ó sì ti ẹnu rẹ̀ pa lábẹ́ agbára omi fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ wo bóyá agbára náà dínkù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo páìpù àti wáyà tó wà nínú ògiri, pẹ̀lú tépù ìwọ̀n nínú fọ́tò náà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lu ihò sí ògiri lẹ ó mọ ìwúlò rẹ̀.

Iṣẹ́ iná kì í ṣe ohun àdábọwọ́ nínú yàrá olómi. Ẹ fi lé oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, kí ó fi ẹ̀rọ ajáná tó ń já bí iná bá yapa tó 30 mA (mílíáńpíà, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) dáàbò bo gbogbo wáyà yàrá náà, kí ó fi ìtanná iná sí ìta, kí iná tó wà lórí ṣáwà sì jẹ́ irú èyí tí a ṣe fún ibi tí omi ń ta sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Awọ adènà-omi

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni ọ̀dà tó nípọn tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti rólà kùn, tó ń gbẹ di awọ tó ń nà bíi rọ́bà. Èkejì ni awọ tí a ká bí ẹní, tí a ń gé tí a sì ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti ẹní máa ń nípọn bákan náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n gígé rẹ̀ ní igun gba ọwọ́ tó mọṣẹ́, etí méjèèjì ní ojú ìpàdé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gun ara wọn ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5. Ọ̀dà rọrùn ní igun, àmọ́ ó rọrùn pẹ̀lú láti kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jù. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ ra ọ̀dà àkọ́kùn, tépù igun, awọ àti gọ́ọ̀mù táìlì láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà, tàbí kí ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n bá ara wọn mu.

Ẹ gbá ilẹ̀ àti ògiri mọ́ tónítóní, kí ẹ sì nu eruku rẹ̀ kúrò. Ẹ kun ọ̀dà àkọ́kùn, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní igun. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀: ojú ìpàdé ilẹ̀ àti ògiri, ojú ìpàdé ògiri méjì, ìdí páìpù àti etí ihò omi ni ògiri ti ń lanu nínú balùwẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ti ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ooru àti òtútù ṣe ń pààrọ̀. Ẹ kun ọ̀dà sí igun, ẹ tẹ tépù igun tó ń nà náà sínú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, kí ẹ tún kun òkè rẹ̀. Ẹ yẹra fún afẹ́fẹ́ tàbí ìwúnjọ lábẹ́ tépù. Ìdí páìpù kọ̀ọ̀kan ní ọrùn rọ́bà tirẹ̀ tí a ń wọ̀ mọ́ ọn, ihò omi sì ní awọ onígun mẹ́rin tí a ń lẹ̀ mọ́ etí pẹlẹbẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe yára níbí. Iṣẹ́ igun lè gba àkókò ju gbogbo ilẹ̀ tó kù lọ, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Kí ẹ wá kun gbogbo ilẹ̀ àti ògiri lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ gẹ́gẹ́ bí ara ike rẹ̀ ṣe wí, kí ẹ sì kùn ún lẹ́ẹ̀kejì ní ìdábùú ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀dà tó ní àwọ̀ méjì, ẹ fi ọ̀kan kun àkọ́kọ́, kí ẹ fi èkejì kun ìkejì. Ibi tí ẹ bá ti rí àwọ̀ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ kò tíì dé. Ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ bóyá ó nípọn tó ni kí ẹ ṣírò ohun tí ẹ lò. Bí ara ike bá sọ pé kìlógíráàmù 1.5 ni mítà onígun mẹ́rin kan ń gbà, tí ilẹ̀ àti ògiri tí ẹ fẹ́ kùn sì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 10, kìlógíráàmù 15 ló yẹ kí ó tán. Bí 5 bá ṣẹ́kù nínú ike, ẹ tún ilẹ̀ náà kùn.

Gbogbo ilẹ̀ yàrá ni kí awọ náà bò. Lára ògiri, ẹ gbé e dé àjà ní ibi ìwẹ̀, ó kéré tán kí ó ga tó mítà 1.8 kí ó sì kọjá orí ṣáwà. Lára àwọn ògiri yòókù, kí ó gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ní ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ onígun sí abẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn ti ń pa dé, kí awọ náà gùn ún lọ sókè dé ojú táìlì, kí omi abẹ́ táìlì má baà yọ́ wọ inú yàrá kejì.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi omi dán an wò

Bí ẹ bá fẹ́ fo ìgbésẹ̀ kankan nínú ìtọ́sọ́nà yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fo èyí. Lẹ́yìn tí awọ bá ti gbẹ pátápátá, ẹ dí ihò omi pẹ̀lú rọ́bà ìdíhò, kí ẹ fi pátákó tí a fi ọ̀rá wé dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ bu omi sílẹ̀ títí yóò fi bo ibi tó ga jù ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì. Omi wúwo: sẹ̀ǹtímítà 5 lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ kìlógíráàmù 50, nítorí náà ẹ ṣọ́ra lórí ilẹ̀ onípátákó.

Ẹ fi tépù sàmì sí ibi tí omi dé lára ògiri, kí ẹ gbé abọ́ kan tí omi wà nínú rẹ̀ sí yàrá náà, kí ẹ sì sàmì sí òun náà. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Omi inú abọ́ yóò fi han yín èyí tí afẹ́fẹ́ gbà. Bí omi ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù ú lọ, ó ń jò. Ẹ wo àjà ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn àwọn ògiri pẹ̀lú. Bí ó bá jò, ẹ gbọ́n omi náà kúrò, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, ẹ yẹ igun àti etí ihò omi wò kí ẹ tó yẹ ibòmíràn, ẹ tún un ṣe kọjá ibi tó bàjẹ́, kí ẹ sì tún ìdánwò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Táìlì, igun àti afẹ́fẹ́

Ẹ yan táìlì tí kì í yọ̀ bí omi bá wà lórí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù oníyẹ̀fun símẹ́ńtì tó lè nà díẹ̀ ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà nínú ike tí a ti pò sílẹ̀ kì í sábà gbẹ dáadáa lórí awọ tí kò gba omi. Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kún ẹ̀yìn táìlì, kí ó má sí kòtò tí omi yóò máa gbé. Ẹ má ṣe kan ìṣó tàbí ìdè kankan mọ́ ilẹ̀ mọ́: àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ṣeé lẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kí a fi kọ́ ògiri. Ní gbogbo igun, ẹ fi àlàfo mìlímítà 3 sí 5 sílẹ̀, kí ẹ fi silicone (gọ́ọ̀mù tó ń nà bíi rọ́bà) dí i dípò símẹ́ńtì, torí pé símẹ́ńtì máa ń sán níbi tí nǹkan bá ń yẹ̀.

Ọ̀rinrin tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń mú kí ògiri bu. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ní lítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó fún balùwẹ̀ kékeré, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan sí abẹ́ ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ tuntun lè rí ọ̀nà wọlé.

Bí a ti ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ yọ irun kúrò nínú ihò omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà fa omi kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ má fi ọtí kíkan tàbí ásíìdì fọ àárín táìlì léraléra, torí ó ń jẹ símẹ́ńtì. Ẹ yẹ silicone igun wò lọ́dọọdún, èyí tó bá ti ṣí kúrò lára ògiri, ẹ gé e kúrò pátápátá kí ẹ tó fi tuntun sí i. Balùwẹ̀ tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́ máa ń rùn nítorí pé omi ìdènà òórùn ti gbẹ. Korobá omi kan ni ìwòsàn rẹ̀.

Bí àárín táìlì kan bá ṣì dúdú lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí táìlì bá ń dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo nígbà tí ẹ bá fi ìka lù ú, ẹ dáwọ́ ìlò ṣáwà dúró. Ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi inú ilé pa kí ẹ wo mítà omi. Bí ó bá ṣì ń yí, páìpù ló ń jò. Bí kò bá yí, ẹ dí ihò omi, ẹ da omi sílẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá gbẹ nígbà tí a dí ihò náà, àmọ́ tí ó tutù nígbà tí a ṣí i kí omi máa gba inú rẹ̀ kọjá, páìpù abẹ́ ihò náà ni kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ tú wò kí ẹnikẹ́ni tó fọ́ táìlì kan.